Kwegyir Aggrey: Olùkọ́ Achimota tó fẹ́ràn àwọn tó kórìíra rẹ̀ láì fi ara rẹ̀ wọ́lẹ̀

Bí ènìyàn bá kúrò ní àdúgbò Alajo ní Accra, tó kọrí sí ìhà àríwá, kò ní pẹ́ tí yóò fi dé Achimota, níbi tí ọ̀kan lára àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó lókìkí jù lọ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wà. Eyín dùùrù dúdú àti funfun, tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ló wà lára àmì ilé ẹ̀kọ́ náà.

Ọ̀dọ̀ James Emman Kwegyir Aggrey ni èrò àmì yìí ti wá. Oníwàásù ni, olùkọ́ sì ni. Ọdún 1927 ló jáde láyé. Ó máa ń fi dùùrù ṣe àkàwé nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀: pé eyín dúdú nìkan lè mú ohùn kan jáde, eyín funfun nìkan náà lè mú òmíràn jáde, ṣùgbọ́n kí orin tó lè dùn délẹ̀, ìka gbọ́dọ̀ kan méjèèjì.

Ẹni tó bá gbọ́ àkàwé yìí lónìí lè rò pé ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán ni. Àmọ́ ní ìgbà ayé Aggrey, wọ́n so aláwọ̀ dúdú rọ̀ ní ìlú tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, òfin yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ìjọba amúnisìn sì ń ṣàkóso ilẹ̀ tí wọ́n ti bí i láì gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Àwọn tí ẹ̀sìn Kristẹni ní kó fẹ́ràn kì í ṣe ọ̀tá inú ìwé. Ó mọ̀ wọ́n lójúkojú.

Bó ṣe di ẹ̀kọ́ yìí mú, ohun tó ná an, àti ìbéèrè tó fi sílẹ̀ fún àwọn tó tẹ̀lé e, ni ìtàn ayé rẹ̀ dá lé.

Ọmọ agbẹnusọ ọba

Ọjọ́ 18, Oṣù Kẹwàá, ọdún 1875 ni wọ́n bí Aggrey sí Anomabu, ìlú àwọn Fante létí òkun ní Gold Coast, tó di Ghana lónìí. Kodwo Kwegyir ni orúkọ bàbá rẹ̀, Abna Andua sì ni ìyá rẹ̀. Agbẹnusọ ni bàbá rẹ̀ láàfin ọba Anomabu.

Láàrin àwọn Akan, iṣẹ́ agbẹnusọ ju kí ènìyàn gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọba kó sì sọ ọ́ fún ará ìlú lọ. Agbẹnusọ ló ń mú ọ̀rọ̀ líle rọ̀ kó tó dé etí olùgbọ́, òun náà ló sì ń wá ọ̀nà kí ìjà má baà di ogun. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ilé tí wọ́n ti mọ ìyàtọ̀ méjèèjì ni Aggrey ti jáde.

Lọ́dún 1883 ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, orúkọ náà James sì di tirẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Cape Coast ló ti kàwé. Nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́ ló ti ń kọ́ni, ó ń wàásù, ó sì di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún.

Ní àkókò yẹn ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé àbádòfin kan kalẹ̀ tí yóò fún ìjọba lágbára lórí ilẹ̀ àwọn ará Gold Coast. Àwọn agbẹjọ́rò, àwọn ọba àti àwọn oníwàásù kó ara wọn jọ ní Cape Coast lọ́dún 1897, wọ́n dá ẹgbẹ́ Aborigines' Rights Protection Society sílẹ̀ láti tako ó. Aggrey bá ẹgbẹ́ náà ṣe iṣẹ́ akọ̀wé.

Ẹgbẹ́ náà kò gbé ìbọn. Ìwé ni wọ́n kọ, owó ni wọ́n dá jọ, wọ́n sì rán àwọn aṣojú lọ sí London lọ́dún 1898 láti bá mínísítà tó ń mójú tó ilẹ̀ àwọn amúnisìn sọ̀rọ̀. Ìjọba fa àbádòfin náà sẹ́yìn. Ohun tí ọ̀dọ́ akọ̀wé náà rí nìyí: ènìyàn lè dúró lórí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbọn-in, kó má sì jẹ́ kí ìkórìíra wọ inú ìwé tó ń kọ.

Salisbury: Ìlú tí ìfẹ́ ti di ìdánwò

Ní Oṣù Keje ọdún 1898, Aggrey wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà. Bíṣọ́ọ̀bù John Bryan Small ti ìjọ African Methodist Episcopal Zion, ìjọ tí àwọn aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ló ń wá àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà tí yóò kàwé kí wọ́n lè padà wá ṣiṣẹ́ ìhìnrere nílé. Ọmọ Barbados ni bíṣọ́ọ̀bù náà, ó sì ti gbé Gold Coast rí gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun. Livingstone College ní ìlú Salisbury, ní ìpínlẹ̀ North Carolina, ni wọ́n fi Aggrey sí.

Kò tíì lo oṣù mẹ́rin tán níbẹ̀ tí ìpínlẹ̀ náà fi gbóná. Ní ọjọ́ 10, Oṣù Kọkànlá, ọdún 1898, àwọn aláwọ̀ funfun tó dira ogun ya wọ ìlú Wilmington, wọ́n lé àwọn tí ará ìlú dìbò yàn kúrò nípò, wọ́n dáná sun ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ dúdú, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lọ́dún 1900, wọ́n tún òfin ìpínlẹ̀ náà ṣe lọ́nà tó gba ìbò kúrò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ aláwọ̀ dúdú.

Àárín irú ayé yìí ni Aggrey ti kàwé gboyè lọ́dún 1902, tó sì dúró síbẹ̀ láti máa kọ́ni. Wọ́n fi í joyè àlùfáà lọ́dún 1903. Lọ́dún 1905, ó gbé Rose Douglass, ọmọ ìlú Portsmouth ní Virginia, níyàwó. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí.

Ọdún tó tẹ̀lé ìgbéyàwó wọn ni ibi dé Salisbury fúnra rẹ̀. Wọ́n ti pa àwọn ará ilé aláwọ̀ funfun kan nítòsí ìlú náà, wọ́n sì mú àwọn aláwọ̀ dúdú kan sí àtìmọ́lé. Ní alẹ́ ọjọ́ 6, Oṣù Kẹjọ, ọdún 1906, kí ilé ẹjọ́ tó dá ẹjọ́ kankan, èrò rẹpẹtẹ já ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n, wọ́n fa mẹ́ta nínú wọn jáde, wọ́n sì so wọ́n rọ̀ sórí igi.

Ẹni tó bá ń gbé irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò lè ka Ìwàásù Orí Òkè bí ẹni ń ka ewì. Nínú ìhìnrere Mátíù, Jésù ní kí àwọn ọmọlẹ́yìn òun fẹ́ràn ọ̀tá wọn, kí wọ́n máa gbàdúrà fún àwọn tó ń ṣe inúnibíni sí wọn. Ó ní kí ẹni tí wọ́n bá fipá mú láti rìn máìlì kan tún fi ẹyọ kan kún un. Àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà mọ ohun tí wọ́n ń gbọ́. Abẹ́ ìjọba Róòmù ni wọ́n wà, sójà sì lè pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni lójú pópó pé kó wá ru ẹrù òun.

Máìlì àkọ́kọ́, sójà ló pa á láṣẹ. Máìlì kejì, ẹni tó ru ẹrù ló yàn án fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ alágbára bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń ni lára. Bí Aggrey ṣe gbé ìgbé ayé rẹ̀ nìyẹn. Kò sọ pé ohun tí wọ́n ń ṣe dára. Kò sì jẹ́ kí ohun tí wọ́n ń ṣe sọ irú ènìyàn tí òun yóò jẹ́.

Láti ọdún 1914, ó tún gba àbójútó ìjọ kéékèèké ní àwọn abúlé tó yí Salisbury ká. Àgbẹ̀ aláìní ló pọ̀ jù nínú wọn. Ó ń wàásù fún wọn lọ́jọ́ Ìsinmi, ó sì ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè tọ́jú oko, kí wọ́n yẹra fún gbèsè, kí wọ́n sì ra ilẹ̀ tiwọn. Lójú rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ràn ọ̀tá rẹ̀ kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tá náà títí ayé.

Idì tí wọ́n sìn mọ́ adìyẹ

Àkàwé Aggrey tó tàn kálẹ̀ jù lọ ní Áfíríkà, tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé ti gbọ́ láì mọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́, ni ti idì. Ọkùnrin kan mú ọmọ idì, ó sìn ín pọ̀ mọ́ adìyẹ, ó ń fún un ní oúnjẹ adìyẹ títí ó fi gbàgbé pé òun lè fò. Ẹni tó mọ̀ nípa ẹyẹ wá rí i, ó ní idì kò lè di adìyẹ láé. Ó gbé e sókè lẹ́ẹ̀kíní, ó tún gbé e lẹ́ẹ̀kejì, ẹyẹ náà rí àgbàdo nílẹ̀, ó bẹ́ padà sílẹ̀. Ní ìgbà kẹta, ó gbé e lọ sórí òkè ní òwúrọ̀ kùtù, ó kọ ojú rẹ̀ sí oòrùn. Idì na ìyẹ́, ó fò lọ, kò padà mọ́.

Ìtàn dùùrù àti ìtàn idì kò ṣeé yà nípa. Ẹni tó bá gbọ́ ti dùùrù nìkan lè rò pé Aggrey ń bẹ àwọn aláwọ̀ dúdú pé kí wọ́n gba ohun tí wọ́n bá fún wọn. Ti idì ló jẹ́ ká mọ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀tá tí ìhìnrere ní ká fẹ́ràn ti sọ fún idì pé adìyẹ ni. A lè fẹ́ràn rẹ̀ láì gba ohun tó sọ nípa wa gbọ́.

Ìpadàbọ̀ lẹ́yìn ọdún méjìlélógún

Lọ́dún 1920, àjọ Phelps-Stokes ní Amẹ́ríkà yan ìgbìmọ̀ kan láti wo bí ètò ẹ̀kọ́ ṣe rí ní Áfíríkà. Thomas Jesse Jones ló darí rẹ̀. Aggrey, tó ti ń lọ kàwé sí i ní fásitì Columbia ní New York, ni aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo tó wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Ó fi ìyàwó àti àwọn ọmọ sílẹ̀ ní Salisbury, ó sì padà sí ilẹ̀ tí kò fojú rí láti ọdún 1898.

Wọ́n dé Sierra Leone, Liberia, Gold Coast, Nàìjíríà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn títí dé Gúúsù Áfíríkà. Ní Èkó, Aggrey wàásù ní ilé ìjọsìn Mẹ́tọ́díìsì tó wà ní Tinúubú. Ọ̀kan lára àwọn tó jókòó gbọ́ ọ ni ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Methodist Boys' High School kan tó ń jẹ́ Nnamdi Azikiwe. Azikiwe padà sọ pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ló tan iná ìwé kíkà ní Amẹ́ríkà sí òun lọ́kàn. Ó wọkọ̀ lọ síbẹ̀ lọ́dún 1925, ó sì di ààrẹ àkọ́kọ́ fún orílẹ̀-èdè Nàìjíríà lọ́dún 1963.

Ohun tó ya ọ̀dọ́ náà lẹ́nu kò nira láti mọ̀. Ó rí aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀, tí ìmọ̀ rẹ̀ kún, tó bá àwọn òyìnbó rìn bí ẹgbẹ́, tí kò gbéraga, tí kò sì wólẹ̀ fún wọn.

Gúúsù Áfíríkà lọ́dún 1921

Ibi tí ẹ̀kọ́ ìfẹ́ ọ̀tá ti le jù fún Aggrey ni Gúúsù Áfíríkà. Òfin ilẹ̀ tó jáde lọ́dún 1913 ti fi àwọn aláwọ̀ dúdú sí orí ìwọ̀nba ilẹ̀ bíńtín. Ìwé ìrìnnà ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa mú kiri nínú ìlú tí àwọn baba wọn tẹ̀ dó. Ní ọjọ́ 24, Oṣù Karùn-ún, ọdún 1921, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn lu àwọn ọmọ ìjọ kan tó kọ̀ láti kúrò lórí ilẹ̀ ní Bulhoek. Àwọn tó kú lé ní 160.

Ọdún yẹn kan náà ni Aggrey ń lọ láti ìlú dé ìlú ní orílẹ̀-èdè náà, tó ń bá dúdú àti funfun sọ̀rọ̀. Ó ń sọ fún àwọn aláwọ̀ dúdú pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ìkórìíra jẹ ọkàn wọn run. Ó ń sọ fún àwọn aláwọ̀ funfun pé ìfẹ́ Kristi tí wọ́n ń wàásù rẹ̀ kò lè jẹ́ òtítọ́ lẹ́nu ẹni tó ń tẹ aládùúgbò rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwùjọ kejì yìí ni ọ̀rọ̀ náà korò sí jù, ṣùgbọ́n ẹ̀rín àti àwàdà tó máa ń fi lé e jẹ́ kí wọ́n lè jókòó gbọ́ ọ dópin.

Èso kan jáde. Lẹ́yìn ìbẹ̀wò òun àti Jones, àwọn dúdú àti funfun kan ní Johannesburg dá ìgbìmọ̀ àpapọ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1921, tí wọ́n ti ń jókòó pọ̀ jíròrò lórí owó iṣẹ́, ilé gbígbé àti ìwé ìrìnnà. Irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ tàn dé àwọn ìlú mìíràn. Kò dá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà tó ń bọ̀ dúró. Àmọ́ ní ilẹ̀ tí òfin ti ń ya ènìyàn nípa, ó jẹ́ ọ̀kan lára ìwọ̀nba ibi tí àwọn méjèèjì ti ń rí ojú ara wọn.

Nígbà tí ẹ̀gàn wá láti ilé

Àwọn òyìnbó nìkan kọ́ ló bá Aggrey jà. Marcus Garvey ń pe àwọn aláwọ̀ dúdú gbogbo àgbáyé pé kí wọ́n dúró lọ́tọ̀, kí wọ́n gba Áfíríkà padà fún ara wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Gúúsù Áfíríkà ló ń retí pé àwọn ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú yóò wá gbà wọ́n sílẹ̀. Aggrey tako ẹ̀kọ́ Garvey ní gbangba, àwọn ọmọlẹ́yìn Garvey sì rí i bí ẹni tí òyìnbó rán níṣẹ́.

W. E. B. Du Bois, ọ̀mọ̀wé ńlá láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, náà bẹnu àtẹ́ lu àjọ Phelps-Stokes àti Jones tó darí ìgbìmọ̀ náà. Ó ní ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń gbé kiri yóò sọ ọmọ Áfíríkà di òṣìṣẹ́ ọlọ́wọ́ líle tí kò ní dé ipò àṣẹ. Ẹ̀sùn yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ìjọba amúnisìn mìíràn rí nínú ìwé ìgbìmọ̀ náà ohun tí wọ́n ń wá: ìdí tí wọn kò fi ní kọ́ ọmọ Áfíríkà dé fásitì.

Ipò Aggrey le. Ẹni tó bá dúró láàrin ẹgbẹ́ méjì tó ń jà, òkò ìhà méjèèjì ló ń bà á. Síbẹ̀ kò fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ ìkórìíra sí àwọn tó bú u. Nígbà tí ìgbìmọ̀ kejì ń lọ sí Ìlà Oòrùn Áfíríkà lọ́dún 1924, ó tún bá wọn lọ. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé bí òun bá kúrò níbi tí wọ́n ti ń pinnu ọ̀rọ̀ ọmọ Áfíríkà, kò ní sí ọmọ Áfíríkà kankan níbẹ̀ mọ́.

Achimota

Gómìnà Gordon Guggisberg, tó ń ṣàkóso Gold Coast láti ọdún 1919, fẹ́ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan tí ọmọ yóò ti bẹ̀rẹ̀ láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé ẹ̀kọ́ gíga. Orí òkè kan lẹ́yìn ìlú Accra ló yàn fún un. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa orúkọ Achimota ní èdè Gã ni pé ó túmọ̀ sí ibi tí a kì í ti dárúkọ ènìyàn, nítorí igbó ibẹ̀ ni àwọn ẹrú tó sá lọ́wọ́ olówó wọn ti ń forí pamọ́ láyé ijọ́un.

Alexander Fraser ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá àgbà, Aggrey sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbà. Ó dé sí Accra ní ìparí ọdún 1924. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ láàrin àwọn òṣìṣẹ́ àgbà ibẹ̀, ó sì dé ipò olùrànlọ́wọ́ fún igbákejì ọ̀gá àgbà.

Ìfura pọ̀ láàrin ará ìlú. Àwọn ọ̀mọ̀wé Gold Coast, tí àwọn kan nínú wọn jẹ́ ẹlẹgbẹ́ Aggrey láti ìgbà ìjà ilẹ̀, ń bẹ̀rù pé ẹ̀kọ́ ìdajì ni ìjọba fẹ́ fún àwọn ọmọ wọn. Láàrin àwọn òyìnbó, àwọn kan ń bínú pé owó ìjọba ń lọ sórí ẹ̀kọ́ aláwọ̀ dúdú. Aggrey rìn káàkiri, ó ń bá ọba, agbẹjọ́rò àti ìyá ọlọ́jà sọ̀rọ̀, ó ń lo gbogbo ẹ̀bùn agbẹnusọ tó jogún láti mú ọkàn wọn balẹ̀.

Ó tún tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n gba ọmọbìnrin pọ̀ mọ́ ọmọkùnrin, nítorí ó gbà pé ẹni tó kọ́ obìnrin lẹ́kọ̀ọ́ ti kọ́ gbogbo ilé. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ náà ní ọjọ́ 28, Oṣù Kìíní, ọdún 1927, ọmọ Anomabu yìí wà lára àwọn tí iṣẹ́ náà kò lè ṣe láì sí.

Ikú rẹ̀ ní New York

Láàrin ọdún 1927, Aggrey gba ìsinmi, ó gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá sí Amẹ́ríkà láti parí ìwé tó fẹ́ fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní fásitì Columbia. Àìsàn kọlù ú lójijì ní New York. Ní ọjọ́ 30, Oṣù Keje, ó kú sí ilé ìwòsàn Harlem. Ọmọ ọdún 51 ni. Salisbury, ìlú tó ti rí ibi àti ire, ni wọ́n sin ín sí.

Àbíkẹ́yìn rẹ̀, Rudolph, ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún kan. Ọmọ náà dàgbà, ó sì di aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà sí Senegal àti Gambia láàrin ọdún 1973 sí 1977, lẹ́yìn náà sí Romania.

Ìbéèrè tí Nkrumah bi í

Nígbà tí ìròyìn ikú Aggrey dé Accra, akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Kwame Nkrumah kò lè jẹun fún odindi ọjọ́ mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ nínú ìtàn ayé ara rẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan sílẹ̀ ní Achimota, wọ́n fi orúkọ Aggrey pè é. Àpẹẹrẹ Aggrey wà lára ohun tó mú un lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1935.

Ṣùgbọ́n Nkrumah kò gba àkàwé dùùrù wọlé pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́ràn ẹni tó sọ ọ́. Lójú tirẹ̀, orin kò lè dọ́gba níbi tí ọ̀kan ti ń tẹ èkejì mọ́lẹ̀. Kí dúdú tó lè bá funfun rẹ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà ní ọgbọọgba pẹ̀lú rẹ̀, òmìnira nìkan ló sì lè fún un ní ọgbọọgba náà. Lọ́dún 1957, Gold Coast gba òmìnira lábẹ́ ìṣàkóso rẹ̀.

Ohun kan tó ṣẹlẹ̀ ní London fi hàn pé Nkrumah ní ìdí. Lọ́dún 1934, ọ́fíìsì ìjọba tó ń mójú tó ilẹ̀ àwọn amúnisìn ṣí ilé kan fún akẹ́kọ̀ọ́ Áfíríkà, wọ́n sọ ọ́ ní Aggrey House. Ladipọ Ṣolankẹ, ọmọ Abẹ́òkúta tó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀ lọ́dún 1925, takò ó, nítorí ó gbà pé ìjọba fẹ́ fi ilé náà ṣọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Orúkọ ẹni tó wàásù ìfẹ́ ti di aṣọ tí àwọn alágbára ń dà bo ara. Ewu tó wà nínú ẹ̀kọ́ yìí nìyẹn: ẹni tí a fẹ́ràn lè gbà á bí ìyọ̀ǹda láti máa ṣe ohun tó ń ṣe lọ.

Nígbà tí ọ̀tá di aládùúgbò

Ó ṣeé ṣe kí Nkrumah sọ òótọ́ nípa ìjọba amúnisìn, síbẹ̀ òmìnira kò parí ọ̀rọ̀ tí Aggrey bẹ̀rẹ̀. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia, tí òun náà ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Achimota, pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Yorùbá pọ̀ gan-an láàrin wọn: àwọn oníṣòwò tí wọ́n ti gbé Accra, Kumasi àti Tamale fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n bí ọmọ síbẹ̀, tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀ lọ.

Ní Oṣù Kìíní ọdún 1983, ó kan Nàìjíríà. Ìjọba Shehu Shagari ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ. Àwọn ọmọ Ghana tí wọ́n lé jáde tó mílíọ̀nù kan, báàgì tí wọ́n kó ẹrù sí sì gba orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè é títí dòní.

Kò sí dúdú àti funfun nínú èyí. Dúdú lé dúdú ni. Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí wà ní ìhà méjèèjì, aládùúgbò sì di ọ̀tá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tó gba ẹrù aládùúgbò wọn pamọ́ nígbà náà, tí wọ́n fún un ní owó ọkọ̀ tàbí tí wọ́n ṣọ́ ilé dè é, rìn máìlì tí òfin kankan kò pa láṣẹ.

Ní àwọn àdúgbò Accra bí Alajo lónìí, níbi tí oríṣiríṣi ẹ̀yà ti ń gbé mọ́ ara wọn, àti ní Èkó níbi tí ọmọ Ghana ti ń ṣiṣẹ́ láàrin Yorùbá, ìdánwò náà kò tíì tán. Aggrey kò fi òfin sílẹ̀ tí yóò yanjú rẹ̀, Nkrumah náà kò sì fi ìdáhùn tó kárí sílẹ̀. Ohun tí ìgbé ayé Aggrey fi hàn ni pé ẹni tó mọ̀ pé idì ni òun lè fi ìfẹ́ bá ọ̀tá rẹ̀ lò, tí kò ní fi rí ìyà jẹ, tí kò sì ní fi ìyà jẹni. Ó fi ọdún 51 gbìyànjú rẹ̀, iṣẹ́ náà kò sì parí sọ́wọ́ rẹ̀.